Ẹ Bi Àǹtí: Ìkejà la fẹ́ sùn, Island ni ìnáwó wà

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Létà hòtẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù nínú èyí tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí, ó sì yé mi, tórí àsìkò ìnáwó la wà, gbogbo ayé ló ń rọ́ wá sí Èkó, ilé mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ti máa ń tẹ́ ẹní fún èèyàn mẹ́wàá ní pálọ̀ láyé ìjọsí ti di yàrá kan àti pálọ̀ báyìí, àwọn tó ni ín gan-an ò ríbi nasẹ̀ sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sí rìsẹ́pṣọ̀n hòtẹ́ẹ̀lì kan lápá Ìkejà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún mi.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn là ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ lò wà ní Victoria Island. Àwa mẹ́fà la ń bọ̀: èmi, bàbá wọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí orúnkún sì ń yọ lẹ́nu, àbúrò mi obìnrin, àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Ọjọ́ Jímọ̀ la fẹ́ dé, Monday la fẹ́ padà. Àwọn ọmọ ní ká sùn sí Victoria Island níbẹ̀, àmọ́ iye tí wọ́n pe yàrá kan fún alẹ́ ọjọ́ kan, àyà mi là gàrà. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní ká lọ sùn ní Ìkejà GRA, pé ibẹ̀ tutù, owó ibẹ̀ náà ṣeé gbọ́. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló ń bà mí lẹ́rù, ká má lọ débẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti gé kéèkì tán. Kí lẹ rí sí i?
Ìyá Ọkọ Ìyàwó, Bódìjà

Mà, ẹ kú oríire o. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní, a ó sì jọ gbọmọ jó láṣẹ Ọlọ́run.

Òótọ́ lọ̀rẹ́ yín sọ, èmi náà fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ohun fi dá àwọn ọmọ lóhùn. L'Ékòó níbí, a kì í béèrè pé báwo nibì kan ṣe jìnnà tó, aago tẹ́ ẹ fẹ́ gba ọ̀nà ibẹ̀ la máa ń béèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti Mainland lọ sí Island, nírọ̀lẹ́ wọ́n á tún máa bọ̀ wálé, ọwọ́ ibi tí wọ́n bá dojú kọ ni ọ̀nà á ti dí pa. Sátidé ò rí bẹ́ẹ̀. Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí parí ní 1990 yẹn, ó gùn tó kìlómítà 11.8, láti Òwòrònṣòkí títí dé Adénìjí Adélé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbéra ní Ìkejà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, ẹ ó kàn máa wo ọ̀sà lọ ni, ẹ ó máa wo àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹja àti ilé orí omi ní Mákòkó. Ibi tí ọ̀rọ̀ á ti wọ́ ni ẹnu gbọ̀ngàn fúnra ẹ̀, níbi tí ogún mọ́tò ti ń wá ibi páàkì ẹyọ kan, ẹni tó sùn sí Victoria Island náà á sì pàdé ẹ̀ níbẹ̀.

Jímọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ dé yẹn ló ń kọ mí lóminú ju Sátidé lọ. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ l'Ékòó, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójú títì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojúurin tó ń ti Mọ́níyà bọ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, ó máa ń dúró ní Agége kó tó wọ Ebute Mẹ́ta, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, tórí láti Agége sí Ìkejà ò tó nǹkan. Kí àwọn ọmọ bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí fóònù ṣáájú o, ẹ má dà á dé ọjọ́ náà. Tó bá jẹ́ mọ́tò lẹ máa wọ̀, ẹ tètè kúrò n'Íbàdàn kẹ́ ẹ lè kọjá Berger kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Aago méjì yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì máa ń fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́, tẹ́ ẹ bá dé ṣáájú wọ́n lè ní kẹ́ ẹ jókòó ná, ẹ má bínú sí wọn, wọ́n ṣì ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ṣíìtì ni.

Tí Ìkejà bá ṣì jìnnà lójú yín, Gbàgádà ń bẹ. Ẹsẹ̀ afárá ni Gbàgádà wà tán, hòtẹ́ẹ̀lì tó mọ́ tó dáa ò sì wọ́n níbẹ̀. Báyìí ni mo ṣe máa ń pín in fún àwọn tó bá bi mí: ẹni tí bàálù gbé wá tàbí tí bàálù fẹ́ gbé lọ, kó sùn sí Ìkejà, ẹni tí Island ń pè kó sùn sí Gbàgádà tàbí Yábàá, ẹni tó fẹ́ tètè já sí ọ̀nà Ìbàdàn láàárọ̀ kó sùn sí Màgòdò. Ẹ̀yin ní bàbá tó nílò ìsinmi, ẹ sì ní Sunday odindi tẹ́ ẹ fẹ́ fi sinmi, òun ni mo ṣe gbà pé kẹ́ ẹ lọ sí GRA, torí igi ibẹ̀ pọ̀, títì ibẹ̀ ò sì kún fún ariwo.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ má gba yàrá lórí iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè fún yín lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n pé, ṣé owó tó parí lẹ pè yẹn? VAT, ìyẹn owó orí ọjà, jẹ́ 7.5 lórí 100, ìjọba Èkó tún ní tiwọn tó jẹ́ 5 lórí 100 lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2009 fún hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, nítorí náà yàrá tí wọ́n bá pè ní 60,000 náírà láì ka owó orí mọ́ ọn, 67,500 ló máa já sí lọ́wọ́ yín, àwọn míì tún máa ń fi owó iṣẹ́ lé e. Ẹ wá sọ ọ́ di yàrá mẹ́ta lọ́nà ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ wò ó. Mo ti rí bàbá kan tó fẹ́ sunkún níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, tórí pé owó tó kù lápò ẹ̀ ni owó mọ́tò, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí, èmi ni mo yẹ kí n sọ fún un nígbà tó pè.

Yàrá kan, èèyàn méjì ni wọ́n máa ń kà á sí, brẹ́kìfáàsì èèyàn méjì náà ni wọ́n á fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà pa pọ̀, ẹ tètè sọ ọ́ kí wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì kún un, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèló.

Fún Bàbá, yàrá ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, tórí ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kékeré GRA, ilé ńlá táwọn èèyàn ń gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí lífìtì níbẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n bóyá ṣáwà tí èèyàn kàn ń wọ̀ ni, àbí àwo ìwẹ̀ gígùn tí èèyàn á gbé ẹsẹ̀ kọjá etí ẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tí ọṣẹ ti bọ́ sílẹ̀, tó wá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá síbí-sọ́hùn-ún, mà, ẹ gbà mí gbọ́, ibẹ̀ ni jàǹbá ti máa ń ṣẹlẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó ike kékeré kan, ẹ ní kí wọ́n wá gbé e sí i, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó dáa tó máa kọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò ní gbàgbé láéláé, òun ni áyọ́ọ̀nù. Àárọ̀ Sátidé ní Ìkejà, bíi gbogbo yàrá ló ní òde tó fẹ́ lọ, gbogbo wọn fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù ní aago méje, áyọ́ọ̀nù hòtẹ́ẹ̀lì lè máà ju mẹ́rin lọ. Mo ti rí i tí ìyá ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń lọ òde ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ ń fa áyọ́ọ̀nù kan mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ lọ gbogbo aṣọ yín ní alẹ́ Jímọ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́, aṣọ òkè kẹ́ ẹ má tiẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án. Ẹni tó máa wé gèlè fún yín tó sì máa kun yín lójú, ẹ sọ fún rìsẹ́pṣọ̀n lálẹ́ pé ó ń bọ̀, kí sìkiọ́rítì má lọ dá a dúró sí gẹ́ètì ní aago mẹ́fà ìdájí.

Lọ́jọ́ Sunday, tí ara Bàbá bá gbé e, ẹ mú wọn lọ sí Kalakuta Museum ní títì Gbémisọ́lá, ilé tí Fẹlá gbé kó tó kú, inú ọgbà ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Àwọn tó dàgbà bíi tiwọn máa ń pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á máa rántí nǹkan. Monday yín ò ní wàhálà, ọwọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ kọ́ lẹ̀yin máa kọrí sí.

Àǹtí, hòtẹ́ẹ̀lì kan gba 20,000 náírà lọ́wọ́ mi bí owó kọ́ṣọ̀n, èyí tó yẹ kí wọ́n dá padà tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ wọ́n ní táwẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́, wọ́n ò dá a padà. Ìyàwó mi ló fi nu pọ́dà ojú. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?
Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, kò dáa, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tọ̀tún tòsì. Pọ́dà ojú tí wọ́n fi ń ṣe òde yìí, a máa rẹ ẹ́, a máa fi blíìṣì sí i, a máa sè é pàápàá, kò ní lọ, táwẹ́ẹ̀lì funfun yẹn ti parí nìyẹn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀, òun la máa ń bá àlejò jà lé lórí jù. Kí ìyàwó yín máa mú ìdajì ìró àtijọ́ kan dání fún ojú nínù, ìjà tán. Táwẹ́ẹ̀lì kan ò sì tó 20,000, ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Iye tí táwẹ́ẹ̀lì yẹn jẹ́ ló yẹ kí wọ́n yọ, kí wọ́n dá ìyókù padà.

Kẹ́ ẹ kọ̀wé sí mánéjà, lórí ímeèlì tàbí WhatsApp, kó má jẹ́ ẹnu lásán, kẹ́ ẹ fi risíìtì kọ́ṣọ̀n yẹn sí i, kẹ́ ẹ sì fún wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n dá yín lóhùn. Tí wọn ò bá dáhùn, LASCOPA wà l'Álàúsà, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gbèjà oníbàárà ni, ọ̀fẹ́ lẹ máa lọ fẹjọ́ sùn. FCCPC náà wà ní ti ìjọba àpapọ̀, òfin tó gbé wọn kalẹ̀, ti 2018, ló tún sọ pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé yàrá tó ti gbà sílẹ̀, tí hòtẹ́ẹ̀lì ò sì gbọ́dọ̀ yọ ju iye tó bọ́gbọ́n mu lọ nínú owó ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á kàn gbà pé owó ti wọmi.

Tẹ́ ẹ bá tún wọ yàrá mìíràn, kẹ́ ẹ tó gbé báàgì sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya gbogbo ẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀, tẹlifíṣọ̀n, ilé ìwẹ̀, dígí. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà hòtẹ́ẹ̀lì lójú ẹsẹ̀, tí nǹkan kan bá ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, kẹ́ ẹ sọ ọ́ síbẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé iná ò ní lọ, aago méjì òru wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi àti ọmọ ọwọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó dáa?
Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìlọrin

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Àbíkẹ́yìn, ó dùn mí fún ọmọ yẹn. Fọ́tò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbára lé e, ọjọ́ tí wọ́n ṣí hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ya òmíì, kí ògiri tó ṣí, kí omi púùlù tó di àwọ̀ ewé. Etí ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ pè wọ́n ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ má pè lọ́sàn-án. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún gbọnmọ-gbọnmọ lẹ́yìn ẹni tó gbé fóònù, ẹ ó gbọ́ ọ, tí ilé ọtí tó wà ní ìsàlẹ̀ bá ń lu orin, ẹ ó gbọ́ ọ, tí wọn ò bá sì gbé e rárá, ìyẹn náà ti dáhùn.

Ẹ wá bi wọ́n: ṣé Band A ni yín? Láti April 2024 tí wọ́n ti gbówó iná lé e, àwọn tó wà ní Band A ló yẹ kó rí iná tó wákàtí 20 lójúmọ́, púpọ̀ nínú GRA sì wà níbẹ̀. Ó ṣẹ́ ku wákàtí mẹ́rin, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Aago mélòó lẹ máa ń pa jẹ́n? Ìnfátà yín, ṣé ó lè gbé AC, àbí gílóòbù àti fáànù nìkan? Ẹni tó bá mọ hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀ á dá yín lóhùn wéré, ẹni tó bá ń sọ pé "kò sí wàhálà mà, kò sí wàhálà", wàhálà wà níbẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tó kọ ẹ̀yìn sí ilé jẹ́n, èéfín ẹ̀ ò dáa fún ọmọ ọwọ́ rárá, ẹ má sì ṣí fèrèsé tó bá kọjú síbẹ̀ lóru.

Iṣẹ́ máa ń gbé mi wá sí Ìkejà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èmi nìkan. Tí mo bá ti dé rìsẹ́pṣọ̀n, wọ́n á máa wò mí tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n á ní ta ni mò ń dúró dè. Ẹ̀rù náà sì máa ń bà mí lóru.
Ọmọbìnrin Àkúrẹ́

Àbúrò mi, mo ka létà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, inú bí mi. Obìnrin tó gba yàrá pẹ̀lú owó ara ẹ̀, àlejò ni bíi gbogbo àlejò. A níṣẹ́ láti gba orúkọ àti ìwé ìdánimọ̀ ẹ, kò sí nínú iṣẹ́ wa láti máa bi ẹ́ ní ìbéèrè ọkọ. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi pe mánéjà", má ṣàlàyé ara ẹ fún ẹnikẹ́ni. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kúrò níbẹ̀ pátápátá, o ti ń mú owó wọlé fún wọn lóṣooṣù, ẹlòmíì á fi ọ̀wọ̀ gbà á.

Nípa ẹ̀rù, má jẹ́ kí wọ́n pe nọ́ńbà yàrá ẹ sókè ní rìsẹ́pṣọ̀n níbi táwọn èèyàn jókòó sí, ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé. Gba òkè kìíní tàbí ìkejì, má gba ìsàlẹ̀. Yẹ ilẹ̀kùn wò kó o tó san owó tó kù, ó gbọ́dọ̀ ní ìdè inú tí kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn ò lè ṣí. Tẹ́nì kan bá kan ilẹ̀kùn tó ní òun gbé omi wá, tó o ò bá ní kí wọ́n gbé omi wá, pe rìsẹ́pṣọ̀n kọ́kọ́. Uber tàbí Bolt, kó wọ inú ọgbà wá gbé ẹ, má jáde lọ dúró sí títì.

Ohun tó máa ń kó bá àwọn àlejò ni gẹ́ètì àdúgbò. Ọ̀pọ̀ títì ní Mainland, pàápàá nínú ẹ́sítéètì, wọ́n máa ń tì í lóru, mọ́tò ẹ lè dé ẹnu ọ̀nà kan kí wọ́n ní kó o lọ gba òdìkejì, kó o wá máa rìn nínú òkùnkùn. Bi hòtẹ́ẹ̀lì pé aago mélòó ni wọ́n ń ti gẹ́ètì, èwo sì ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kadà o, láti June 2022 ni ìjọba ti lé wọn kúrò ní Ìkejà.

Mò ń bọ̀ wá ṣe pépà ní Marina fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò lówó hòtẹ́ẹ̀lì Island. Ibo ni mo lè sùn?
Ọmọ Ọ̀ṣun

Festac. Àwọn tó wá fún àríyá FESTAC ti 1977 ni wọ́n kọ́ ọ fún, títì ibẹ̀ fẹ̀, yàrá tó ṣeé sùn wà níbẹ̀ ní iye tó dínwó ju Ìkejà lọ. Tó o bá jí, wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2, kó o wọ ọkọ̀ ojúurin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ ní September 2023, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lójú títì, kò tó ìdajì wákàtí tó fi máa gbé ẹ dé Marina. Owó ọwọ́ ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o, kàádì Cowry ni wọ́n ń gbà, ra tìẹ lọ́jọ́ tó o bá dé, kó o fi owó sí i, má ṣe dúró di àárọ̀ ọjọ́ pépà.

Àǹtí, ṣé a lè gbé oúnjẹ òde wọ hòtẹ́ẹ̀lì?
Ìyá Kẹ́mi, Ṣaki

Ẹ gbé e wọlé, ẹ kàn rọra bò ó. Àwọn míì máa ń sọ pé oúnjẹ tiwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ wọlé, àmọ́ ìrẹsì tí wọ́n fi ọ̀rá dì lọ́jọ́ Sátidé, sìkiọ́rítì gẹ́ètì pàápàá ti gba tiẹ̀. Fìríìjì kékeré tó wà nínú yàrá ò tutù tó láti tọ́jú ẹran, nítorí náà ẹ ní kí ilé ìdáná bá yín fi sí tiwọn kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yàrá yín sára ọ̀rá náà, kẹ́ ẹ sì lọ gbà á kí aago méjìlá ọ̀sán Sunday tó lù, tórí nígbà yẹn ni wọ́n máa ń kó gbogbo ohun tí ò bá lólúwa jáde.